Àjà Alámọ̀ Ilé Ìyá Bẹnuwá

Èdè mi ló kọ́kọ́ sọ mí di àlejò ní Adja-Wẹ̀rẹ̀. Kí n tó kúrò ní Abẹ́òkúta, mo ti múra sílẹ̀ fún ilẹ̀ Faransé, níbi tí n ó ti máa fọwọ́ júwe omi kí wọ́n tó bù ú fún mi. Mi ò múra sílẹ̀ fún ibi tí wọn yóò ti kí mi ní Yorùbá, tí n ó mọ̀ dájú pé Yorùbá ni, tí ọ̀rọ̀ náà yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá lọ. Bí mo bá dáhùn, àwọn obìnrin a fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ohun tí mò ń pè ní páànù, tólù ni wọ́n ń pè é. Hámà mi di màtó. Wọ́n ní mẹnizíè ni mí, èmi tí mo fi ọdún mẹ́fà gbáko kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ ọ̀gá tí kì í rẹ́rìn-ín. Kí oṣù kan tó pé, gbogbo ìlú ti sọ mí lórúkọ: Géèsì. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ra iyọ̀.

Mi ò ní purọ́ nípa ìdí tí mo fi kúrò nílé. Kò sẹ́ni tó lé mi. Káfíńtà ló pọ̀ ju òrùlé lọ ní àdúgbò wa, èmi náà kì í sì í fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe ìkejì ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ní kí n dúró, kí n máa fara mọ́ èyí tí mo bá rí. Mo ní rárá. Mo ti gbọ́ pé àwọn àgbẹ̀ ìhà Dàhòmì ń fi owó epo àti àgbàdo ra páànù, pé òmìnira tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ti mú kí olúkúlùkù fẹ́ kí òrùlé òun máa dán. Mo sọ fún ìyá mi pé ibẹ̀ ni wọn yóò ti mọ iyì mi. Ó bi mí pé ta ni kò mọ iyì mi nílé. Inú bí mi, mo lọ di ẹrù mi.

Iṣẹ́ wà lóòótọ́. Mo kan òrùlé ní ìlú, mo kan ní Ìkpìnlẹ̀, mo kan ti ilé ìwé kékeré kan lọ́nà Oko-Akarẹ̀. Lójú iṣẹ́ ara mi a yá gágá. Ìrìn àbọ̀ ló máa ń ṣe mí léṣe. Gbogbo ilé tí mo bá gba iwájú rẹ̀ kọjá nírọ̀lẹ́, wọ́n ti jókòó yí oúnjẹ ká, wọn a sì pè mí pé, "Géèsì, yà wá jẹun." Tọkàntọkàn ni wọ́n ń pè mí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá yà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ yóò dúró, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá òótọ́ ni pé ọwọ́ òsì ni mọ́tò ń gbà ní ìlú mi. Nítorí náà mo máa ń ní mo ti yó. Ebi pa mí ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ tí mo ti yó yẹn.

Ìyá Bẹnuwá nìkan ni kò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ mọ́tò. Opó ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ ju ohun tó yẹ lọ. Ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà, lọ́nà tó lọ sí Masẹ̀. Bẹnuwá, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un, ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kútọnu. Yàrá kan ṣófo nínú ilé náà, òun ló fi mí sí. Láràárọ̀, kí n tó ṣílẹ̀kùn, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Ṣé o jí?" N ó ní, "Mo jí, Ìyá." Ó tán nìyẹn, á bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìlú tí mo wà yìí, mo lè kú sínú yàrá kí ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí ẹnikẹ́ni tó béèrè mi. Ẹnì kan wà tó ń fẹ́ mọ̀ bóyá mo jí. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí gan-an, mi ò sì sọ fún un lọ́jọ́ kan.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kejì tí mo lò níbẹ̀ ni Bẹnuwá fi ọkọ̀ ẹrù kó páànù dé. Ó wọ ṣòkòtò funfun, ó ń rìn káàkiri àgbàlá, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ìyá mi kò ní sun abẹ́ koríko mọ́," ó ń wí fún gbogbo ẹni tó bá yà wá wò. "Ó tán. Fíní."

Èmi ni mo tú ewé bẹẹrẹ àtijọ́ náà kúrò lórí ilé. Ó nípọn, ó ti dúdú fún èéfín ọdún pípẹ́. Èmi ni mo kan páànù náà, ìṣó kan kò sì wọ́. Bẹnuwá ní kí a gbé ààrò kúrò nínú ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé, pé èéfín yóò ba tólù jẹ́. Ọjọ́ tí mo parí, àwọn tó ń lọ sóko dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń fọwọ́ ṣíji bojú nítorí dídán rẹ̀. Ìyá Bẹnuwá gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀, ó sì gbàdúrà fún èmi náà. Mo rò pé mo ti ṣe ohun tó dára jù lọ ní ayé mi.

Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí ojú mi fi là. Bí oòrùn bá ti ga díẹ̀, pálọ̀ a di ojú ààrò. Omi tí a bá gbé kalẹ̀ láàárọ̀ a lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́sàn-án. Ara páànù a máa ta pàù, pàù, bí ẹni ń sọ òkò sí i. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, a rí ìyà kejì. Lábẹ́ bẹẹrẹ, àkókò òjò ni àkókò ọ̀rọ̀ wa. Ìyá Bẹnuwá a máa ṣẹ́ ẹ̀gúsí, á máa sọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń fọn imú kí ó tó purọ́. Lábẹ́ páànù, mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ ṣe pé kí n fi í sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ariwo òjò yìí kan náà ló bá mi jà nígbà tí mo fẹ́ bá ilé sọ̀rọ̀. Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan l'Ékòó tó ní tẹlifóònù. Mo kọ̀wé sí i pé kí ó dúró dè mí ní ọjọ́ kan báyìí, mo sì lọ sí póòsì, ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú tó tóbi jù wá lọ, láti kùtù òwúrọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì títí oòrùn fi yẹ àtàrí kí wọ́n tó pè mí. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó jìn, bí ẹni wà nísàlẹ̀ kànga, ṣùgbọ́n òun ni.

"Bùọ̀dá mi, ẹ kú àìrí o. Màmá ní kí n sọ fún yín pé..."

Ibẹ̀ ni òjò ti bẹ́ sórí páànù póòsì náà. Mo fi ìka di etí kejì. Mo kígbe pé, "Màmá ní kí ni?" Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ń wò mí tàánútàánú. Mo kígbe títí wọ́n fi gé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé gbólóhùn àbọ̀ yẹn kiri, tí mò ń fi gbogbo ohun burúkú parí rẹ̀, kí lẹ́tà àbúrò mi tó dé. Màmá ní kí ó bi mí bóyá mò ń jẹun dáadáa. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ka lẹ́tà náà tán, mo lọ jókòó lẹ́yìn ilé, mo sunkún bí ọmọdé.

Láàárín àkókò yẹn ni Ìyá Bẹnuwá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Masẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Bàbá Pọ́lù, ní oko níbẹ̀, ó ń dá ẹmu, ó ń gbin ẹ̀gẹ́. Ó kọ́kọ́ lọ fún ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ bá wọn bó ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn náà ó di ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀sẹ̀ kan. Láàárọ̀, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá mo jí. Mo máa ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí n tó ṣí i, bóyá ó ti dé.

Mo mọ ohun tó ń lé e, kò sì lè sọ ọ́ jáde. Ní Adja-Wẹ̀rẹ̀, bí ọmọ bá fi tólù bo ìyá rẹ̀ lórí, tí ìyá náà wá ń sùn lábẹ́ koríko ẹlòmíràn, gbogbo ayé ni yóò wí pé nǹkan ń bẹ láàárín ìyá àti ọmọ. Ìyá tó bá ní ilé náà gbóná ti já ọmọ rẹ̀ sí ìhòòhò lójú ọjà. Nítorí náà ẹ̀gẹ́ ló ń bó. Mo sì rí i pé bí mi ò bá wá nǹkan ṣe, ẹ̀gẹ́ náà kò ní tán mọ́ láé, èmi nìkan ni yóò kù nínú ilé dídán náà.

Nígbà tó tún dé, mo jókòó tì í.

"Ìyá, ṣé ooru ni?"

"Ẹ̀gẹ́ pọ̀ lóko," ó wí.

"Èmi ni mo kan páànù yẹn. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

"Ohunkóhun tí o bá fẹ́ ṣe," ó wí, "kí ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà má rí i. Kí o má sì kọ̀wé sí Bẹnuwá."

Bó ṣe dín ọ̀nà kù fún mi nìyẹn. Èyí tó rọrùn jù ni kí n tún fi bẹẹrẹ bo orí páànù, oòrùn ò ní rí i lù mọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà yóò rí i, wọn yóò ní Ìyá Bẹnuwá fi aṣọ àkísà bo iyì ọmọ rẹ̀. Èkejì ni kí n fi pákó pẹlẹbẹ tí àwọn òyìnbó ń lò kan òkè pálọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní pìláfọ́ọ̀nù. Kútọnu la ti ń rà á, Bẹnuwá ni yóò rà á, á sì béèrè kí ló dé. Ẹ̀kẹta ni ohun tó wà nílẹ̀ láyìíká wa: ọparun, ẹní, àti nǹkan fúyẹ́ kan tí n ó kó sórí ẹní náà láti dá ooru dúró.

Mo ro ohun fúyẹ́ náà títí. Ọjọ́ kan mo wọ ilé ìdáná ẹnì kan ní Ìkpìnlẹ̀, mo gbójú sókè, mo rí àgbàdo wọn lórí àjà, òun àti èèpo rẹ̀, ó gbẹ, ó mọ́ tónítóní. Wọ́n ní ó ti lo ọdún kan níbẹ̀, kòkòrò kan kò bá a. Mo pàtẹ́wọ́ nínú ara mi. Èèpo àgbàdo gbígbẹ kún gbogbo oko, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, ó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí kòkòrò kò bá jẹ ẹ́ lọ́dún kan ní Ìkpìnlẹ̀, kí ló fẹ́ jẹ ẹ́ ní Adja-Wẹ̀rẹ̀? Ọgbọ́n mi dùn mọ́ mi gan-an ni.

Mo ṣe é ní ọjọ́ mẹ́jọ. Mo to ọparun sórí àwọn igi ìdábùú, mo tẹ́ ẹní lé e, mo kó èèpo àgbàdo lé ẹní títí tó fi ga tó ìgbọ̀nwọ́. Ìyá Bẹnuwá ti Masẹ̀ dé, ó wọlé lọ́sàn-án gangan, ó dúró láàárín pálọ̀. Ó lọ gbé àga rẹ̀ wọlé láti abẹ́ igi níta, ó jókòó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbọ́ ọ: "Ṣé o jí?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi rìn ní ìlú yẹn bí ọmọ onílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìyẹ̀fun kan bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ sínú ẹ̀kọ. Mo ní eruku ni. Kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ tẹ̀lé e, lórí ibùsùn, nínú iyọ̀, nínú irun. Eku dé, wọ́n ń sáré lórí wa lọ́sàn-án bí ẹni pé àwọn ló san owó ilé. Ìyá Bẹnuwá ń gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, kò ráhùn. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ń ká aṣọ tí yóò wọ̀ lọ sí ìsìn, ejò tó ń lé eku kan bọ́ láti òkè sórí ẹní iwájú rẹ̀. Mo pa ejò náà. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti ń di ẹrù.

"Mò ń lọ bá wọn bó ẹ̀gẹ́," ó wí.

Ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ ló gbé lé orí ẹrù náà. Obìnrin tó bá gbé ìkòkò rẹ̀ dání kò lọ ṣe àbẹ̀wò. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó títí ó fi yà lójú ọ̀nà Masẹ̀. Mo fẹ́ pè é padà, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi pè é.

Mo kó èèpo náà dànù, mo sun ún. Ilé náà tún di ààrò. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju ti iṣẹ́ lọ. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Masẹ̀. Ìyá Bẹnuwá wà lẹ́yìn oko, Bàbá Pọ́lù ni mo bá lábẹ́ ọ̀pẹ, ó ń pọ́n ọ̀bẹ ẹmu rẹ̀. Àgbàlagbà tó fẹ́ràn yẹ̀yẹ́ ni.

"Géèsì," ó wí, "àgbàdo tí o kó sórí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń dáná nísàlẹ̀ rẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ń dáná ní pálọ̀, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Èéfín ló ń ṣọ́ àgbàdo wa. Àtàárọ̀ dalẹ́ la ń dáná sábẹ́ rẹ̀. Ìwọ pe kòkòrò wá jẹun, o tún fi òrùlé bò wọ́n kí òjò má pa wọ́n."

Ojú tì mí. Mo wo àjà ní Ìkpìnlẹ̀, mo rí àgbàdo, mi ò rí èéfín tó ń jó mi lójú bí mo ṣe ń wò ó. Ó bu ẹmu fún mi. Mo mu ún, ó sì bọ́ sí mi lọ́kàn pé àwọn ilé àtijọ́ ní Abẹ́òkúta kò fi nǹkan jíjẹ ṣe àjà. Amọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ sókè. Kòkòrò kì í jẹ amọ̀. Mo sọ fún un.

"Amọ̀ wúwo," ó wí.

"Káfíńtà ni mí, Bàbá. N ó fi igi tó lágbára sí i."

"Ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹ parí," ó wí. "Bí o bá tẹ́ díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé yóò là. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ọmọ onílé ló ń bẹ ọ̀wẹ̀, tàbí àna. Àlejò kò ní ẹnu tí yóò fi pe ìlú kí wọ́n wá gún amọ̀ fún òun. Mo dúpẹ́ ẹmu, mo padà.

Mo ní n ó dá a ṣe. Mo la igi ìrókò sí ìdábùú, mo fi mẹ́ta sí ibi tí ẹyọ kan wà tẹ́lẹ̀, mo to ọparun ní ìdì, mo tẹ́ ẹní. Mo wa amọ̀ lẹ́yìn ilé, mo gé koríko wẹ́wẹ́ sí i, mo da eérú sí i nítorí kòkòrò, mo fi ẹsẹ̀ gún un. Mo ń rù ú gun àkàbà ní agbọ̀n kan, agbọ̀n kan. Ní ọjọ́ kẹrin, ìdajì pálọ̀ ni mo ṣe. Ibi tí mo kọ́kọ́ tẹ́ ti gbẹ, ó ti là láti ògiri dé ògiri. Bí mo ṣe ń wò ó, ìṣù kan bọ́ láti ibi tó là, ó fọ́ síwájú mi. Mo jókòó sílẹ̀ nínú amọ̀ náà. Mo ronú gbogbo ilé tí mo ti kan òrùlé lé lórí ní ìlú yẹn, mi ò sì rí ẹnì kan tí mo lè lọ bá kí n sọ pé, wá ràn mí lọ́wọ́.

Bàbá Pọ́lù yà wá lọ́jọ́ yẹn, ó ń gbé ẹmu lọ sí ọjà. Ó wo òkè, ó wo èmi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kí mi, ó lọ.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, bí ìsìn ṣe ń tú, mo gbọ́ ohùn Ìyá Bẹnuwá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò tíì gbọ́ kí ó gbé ohùn sókè rí. Mo jáde wò. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn nínú aṣọ ìsìn rẹ̀, àwọn èèyàn yí i ká.

"Ọmọ mi ń bẹ̀ yín lọ́wẹ̀," ó ń wí. "Ní ọ̀tunla. Iṣẹ́ amọ̀ ni."

"Bẹnuwá ti dé?" ọkùnrin kan bi í.

"Èyí tó wà nílé ni mò ń wí."

Gbogbo wọn yíjú wò mí. Mo ń wo ilẹ̀. Obìnrin kan, ìyàwó olùkọ́, wá béèrè ohun tí mo mọ̀ pé wọn yóò béèrè: "Ìyá, ilé tólù. Kí ló wá ṣe é tí ẹ fi ń wá amọ̀?"

Mo rí i tó mí kanlẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ló ti fi bó ẹ̀gẹ́ nítorí kí ó má bàa dáhùn ìbéèrè yìí.

"Ó gbóná," ó wí.

Ìyàwó olùkọ́ yìí kan náà wí pẹ̀lẹ́ pé, "Tiwa náà gbóná." Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Tiwa ńkọ́? Abẹ́ máńgòrò ni bàbá àwọn ọmọ mi ń sùn lọ́sàn-án." Ẹ̀rín sọ. Mo rí àwọn onílé páànù mẹ́rin tí mo fi ọwọ́ ara mi kan òrùlé wọn, tí wọ́n ti ń kí mi kú iṣẹ́ láti ọdún méjì, tí gbogbo wọn ń fi ìyà pamọ́ fún ara wọn. Inú mi bàjẹ́, ó sì tún dùn.

Ọ̀tunla náà pé, wọ́n dé, àwọn Àgùdà, àwọn ará ìjọ Sẹlẹsítì aláṣọ funfun, àwọn mùsùlùmí láti ìsàlẹ̀ ọjà. Àwọn ọkùnrin ń gún amọ̀, àwọn obìnrin ń mọ ọ́n ní ìṣù, wọ́n ń nà án láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí dé orí àkàbà. Èmi wà lókè, mò ń pàṣẹ ní èdè Abẹ́òkúta mi: ẹ mú wá, ó tó, ẹ fi omi díẹ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kí oòrùn tó wọ̀, amọ̀ náà ti parí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó nípọn tó ìka mẹ́ta. Mo jẹun ní ilé méjì nírọ̀lẹ́ yẹn, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ti yó.

Ó pẹ́ kí ó tó gbẹ, kò sì là. Ìyá Bẹnuwá gbé ìkòkò rẹ̀ padà. Nígbà tí Bẹnuwá wá sílé fún ọdún Àjíǹde, ó gbójú sókè, ó wò ó pẹ́.

"Kí ló dé tí ẹ kò wí fún mi, Ìyá?"

"O ra tólù fún mi," ó wí. "Kí ni n ó tún wí?"

Bẹnuwá bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó jókòó níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kí ó tó lọ, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó dúpẹ́, ó ní, "Mẹ̀sí, bùọ̀dá." Ó jù mí lọ ní ọdún márùn-ún.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn tó lọ. Ọ̀sán ni, mo ti sáré dé láti ibi iṣẹ́. Mo jókòó ní pálọ̀, mo ń retí ariwo náà. Ariwo kò dé. Ó ń dún lókè níbẹ̀, lẹ́yìn amọ̀, ó rọlẹ̀, bí òjò tó ń rọ̀ ní oko ẹlòmíràn. Ìyá Bẹnuwá ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo ń gbọ́ èèpo kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń bọ́ sínú àwo. Inú mi dùn débi pé mo ń rẹ́rìn-ín nìkan. Mo ti ṣẹ́gun. Ó ti padà, kò sì ní lọ mọ́. Mo ní kí ó sọ ìtàn ọkọ rẹ̀ fún mi.

Kò sọ ọ́. Ó gbé àwo sílẹ̀.

"Mo ti pè ọ́ lọ́mọ lójú ìlú," ó wí. "Ó yẹ kí n bi ọ́. Ìyá tó bí ọ, ta ló ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Mo ní àbúrò mi wà l'Ékòó.

"Èkó kọ́ ni mo bi ọ́. Nínú ilé. Láàárọ̀, ta ló ń bi í bóyá ó jí?"

Lábẹ́ páànù lásán, ǹ bá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ǹ bá fọwọ́ kan etí, kí n mi orí, kí òun náà fọwọ́ ṣe pé kí n fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá sì kú síbẹ̀. Mo gbójú sókè wo àjà tí mo ṣe. Òjò ń rọ̀ gan-an lókè rẹ̀, kò sì pariwo tó láti gbà mí sílẹ̀.

"Kò sẹ́nì kan, Ìyá," mo wí. Àwa méjèèjì ló gbọ́ ọ ketekete.